Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tó Ń Ta Dọ́fíìnì Zanzibar fún Wa

Sí gbogbo ẹ̀yin olórí iléeṣẹ́ ìrìn-àjò ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá tí ẹ ń kó èrò lọ sí Zanzibar, àwọn erékùṣù orílẹ̀-èdè Tanzania,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ètò ọdún.

Ìpolówó ìrìn-àjò oṣù Kejìlá yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi èèyàn ló ti dé orí fóònù mi. Orúkọ iléeṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ síra, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀: ẹ máa bá dọ́fíìnì lúwẹ̀ẹ́, ẹ máa gbá ìjàpá òkun mọ́ra, ẹ máa ya fọ́tò pẹ̀lú ẹja ìràwọ̀, ìdánilójú ni, bí ẹ kò bá rí i ẹ gba owó yín padà. Èmi náà ti bá ọ̀kan nínú yín lọ rí. Nígbà tí a padà dé, tí àwa mélòó kan kọ ohun tí ojú wa rí sínú gúrúùpù WhatsApp tí ẹ fi kó wa jọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí ẹ fi tì í pa. Admin nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ báyìí. Kò burú. Mo ti gbé e wá síta gbangba, kí àwọn tó ń múra àtisan àsansílẹ̀ lè bá yín kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra fàájì. Zanzibar dùn, màá sì tún lọ. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn á dúró sínú rẹ̀ dé ọrùn, á sì máa ka ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Awa tí a dàgbà sí etí òkun Èkó, níbi tí ìgbì ti ń ru iyanrìn sókè tí omi sì ń ṣe pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, a mọ̀ pé ohun ìyanu nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìjọba Zanzibar ni mo ń kọ̀wé sí. Wọ́n ní òfin tiwọn, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ òkun, wọ́n sì ní ọmọ ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba wọn wí. Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Ọwọ́ yín ni owó mi gbà kọjá kó tó dé ọwọ́ atukọ̀. Ohun tí ẹ bá sì ṣèlérí fún mi ní Ìkẹjà, dandan ni kí atukọ̀ fi ipá wá a jáde lójú omi. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà.

1. Ìdánilójú yín ló ń lé dọ́fíìnì kiri

Mnemba jẹ́ erékùṣù kékeré kan níwájú etíkun Matemwe, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Unguja, erékùṣù tó tóbi jù ní Zanzibar, òkìtì iyùn sì yí i ká. Láti 2002 ni wọ́n ti ya omi àyíká rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ààbò. Ibẹ̀ ni ẹ ń kó wa lọ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ abúlé Nungwi, ti Kendwa àti ti Matemwe fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe ń rí, torí ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò wọ ọkọ̀ náà rí. Atukọ̀ á dìde dúró, á gbé ọwọ́ lé iwájú orí kí oòrùn má baà gún un lójú. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ iwájú á na ìka: lẹbẹ dúdú kan ti yọ lórí omi, òmíràn tẹ̀lé e. Kíá, gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ á ki iná bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín epo á bo ojú omi, wọ́n á sì rọ́ lu ẹranko náà bí àwọn onídánfó Ọ̀jọ́ta ṣe ń rọ́ lu èrò kan ṣoṣo tó gbé báàgì dání. Wọn kì í tẹ̀ lé dọ́fíìnì lẹ́yìn o. Wọ́n á sáré yà á sílẹ̀, wọ́n á lọ dábùú ọ̀nà tó ń gbà bọ̀, atukọ̀ á wá pariwo pé ká bẹ́ sómi. Àwa náà á bẹ́ gbì, gbì, gbì. Ẹsẹ̀ ẹnì kan á gbá ẹlòmíì lójú, awò á gba omi. Kí èèyàn tó la ojú dáadáa, ìrù èyí tó gbẹ̀yìn ló máa rí tó ń lọ sísàlẹ̀ níbi tí omi ti dúdú. Wọ́n á fà wá padà sínú ọkọ̀, eré á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n yà sápá òsì, ọkọ̀ ti wà níbẹ̀. Wọ́n yà sápá ọ̀tún, àwa la wà níbẹ̀.

Mo bi atukọ̀ wa bóyá ó lè dẹ eré díẹ̀. Kò bínú. Ó ní òun mọ̀ pé kò dáa, pé bí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́, nígbà míì dọ́fíìnì fúnra rẹ̀ máa ń wá wo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó wa wá ti sọ fún ọ̀gá òun pé bí èrò kò bá rí dọ́fíìnì, owó kò ní pé. Ẹni tó kó wa wá, ẹ̀yin nìyẹn.

Ẹ wo Kizimkazi, ní gúúsù erékùṣù yẹn kan náà. Títí di 1996, àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń pa dọ́fíìnì, wọ́n á fi ẹran rẹ̀ ṣe ìjẹ ìwọ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹja ekurá. Àárín ìgbà yẹn náà ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wọ́n. Nígbà tó yé àwọn ará abúlé pé dọ́fíìnì tó wà láàyè ń mówó wálé ju òkú rẹ̀ lọ, wọ́n jáwọ́. Ní 1997 ni wọ́n ya òkun Menai, tí Kizimkazi wà létí rẹ̀, sọ́tọ̀ fún ààbò. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ mọ́ fàájì: owó àlejò ló gba àwọn ẹranko yìí lọ́wọ́ ìwọ̀. Àmọ́ àwọn onímọ̀ tó lọ ṣèwádìí níbẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé bí ọkọ̀ àlejò bá ti dé, àkókò tí dọ́fíìnì fi ń sinmi á dínkù, èyí tó fi ń wá oúnjẹ á dínkù, ìrìn á wá gba gbogbo ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má gbàgbé pé ẹranko yìí kì í sùn fọnfọn bíi tiwa. Apá kan ọpọlọ rẹ̀ ló ń sùn, èkejì á máa ṣọ́nà kó lè máa jáde wá mí. Ẹ wá lọ da ẹ́ńjìnnì bo orun ìlàjì yẹn láràárọ̀.

Ẹ̀yà méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni dọ́fíìnì abuké ti Òkun Íńdíà, tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ohun abẹ̀mí, ti kà mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àparun. Ìlànà fún àwọn atukọ̀ sì ti wà ní Kizimkazi tipẹ́. Orí ìwé ló pọ̀ sí jù, torí atukọ̀ tó bá tẹ̀ lé e lè pàdánù oníbàárà sọ́wọ́ èyí tí kò tẹ̀ lé e. Ní Hawaii, níbi tí wọ́n ti ń bá irú fàájì yìí bọ̀ tipẹ́, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 2021 pé ẹnikẹ́ni, ì báà lúwẹ̀ẹ́, ì báà wọkọ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ irú dọ́fíìnì tí wọ́n ń pè ní spinner tó àádọ́ta yáàdì, torí pé ọ̀sán ni wọ́n ń wá sùn sí etíkun. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ pariwo. Wọ́n ṣì ń ṣòwò dòní.

Ẹranko tí kò sí nínú ọgbà, tí ẹnikẹ́ni ò so mọ́lẹ̀, báwo lẹ ṣe wá ń ṣe ìdánilójú rẹ̀ fún oníbàárà? Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ yẹn kan ṣoṣo kúrò nínú ìpolówó yín, ìdajì eré àsápajúdé tó ń lọ ní Mnemba á rọlẹ̀ fún ọkọ̀ tiwa, ó kéré tán.

2. Fọ́tò ẹja ìràwọ̀ tó wà lójú ìwé yín

Èyí kò gùn. Mo rí bí wọ́n ṣe ya irú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan á ti ṣáájú wa dé orí iyanrìn tó yọ láàárín omi, á wọ omi lọ ṣa ẹja ìràwọ̀, àwọn pupa tó ní kókó lára, á sì tò wọ́n sórí iyanrìn láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré. Oòrùn ń ràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ń gbé e lé èjìká, lé àyà, lé orí, ẹlòmíì ní kí wọ́n mú èyí tó pupa jù wá. Lẹ́yìn tiwa ni ọkọ̀ míì tún gúnlẹ̀, àwọn yẹn gba àwọn kan náà lọ́wọ́ wa.

Inú omi ni ẹranko yìí ti ń mí. Awọ ara rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ àti àwọn ẹsẹ̀ wínníwínní tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fi ń fa afẹ́fẹ́ láti inú omi. Bí ẹ bá gbé e síta, ẹ ti dí i nímú. Kì í pariwo, kì í jà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi lè máa rẹ́rìn-ín lọ. Àwòrán arábìnrin tó fi méjì bo àyà níwájú ìpolówó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.

3. Orí ohun abẹ̀mí la ń dúró sí

Iyùn tí ìyàwó fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, egungun ẹranko òkun ni. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló kọ́ òkìtì tó yí Mnemba ká. Ẹranko wẹ́wẹ́ ni wọ́n, àìmọye wọn ló ń gbé papọ̀, wọ́n á máa fi ohun líle kọ́ ilé sábẹ́ ara wọn, ọmọ á kọ́ tirẹ̀ lé ti bàbá lórí. Àwọn kan tó ń yọ ẹ̀ka máa ń yára díẹ̀, àmọ́ àwọn tó rí rìbìtì lè má ga tó sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ọdún kan. Èyí tí bàtà rọ́bà ẹnì kan nínú wa ṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lójú mi ga tó orúnkún.

Kì í ṣe ìwà ìkà ló mú un ṣe é. Kò mọ omi wẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Kí ló dé tó fi rí ibi tẹ̀? Nítorí pé omi ti fà. Nínú ìwé ètò tí ẹ tẹ̀ fún wa, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni snorkel, ìyẹn fífi awò àti ọ̀pá ìmí wo abẹ́ omi, lọ́jọ́ gbogbo, fún gbogbo ẹgbẹ́, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Òkun kì í lo aago yín. Ní Zanzibar, nígbà oṣù àrànmọ́jú àti nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà lè tó mítà mẹ́rin, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin tó ń gbin ewé òkun ní Paje àti Jambiani ń fi í ṣètò iṣẹ́ wọn, ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹni tó ń gba owó tabua lọ́wọ́ wa ni kò wò ó.

Àwọn òkìtì yìí kò sì ní agbára tí a lè fi ṣeré mọ́. Nínú ara iyùn ni ewéko tíntìntín kan ń gbé tó ń bọ́ ọ. Bí omi bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, iyùn á lé e jáde, á funfun báláú, bí ooru náà kò bá sì tètè lọ, á kú. Ní 1998 irú ooru bẹ́ẹ̀ pa iyùn lọ rẹpẹtẹ jákèjádò ìwọ̀-oòrùn Òkun Íńdíà. Ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé ìgbà kẹrin tí irú rẹ̀ máa kárí ayé ti dé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá iná sábẹ́ òkun, mo mọ̀. Ẹsẹ̀ wa ni ọwọ́ yín lè ká.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: nínú báàgì ẹ̀bùn tí ẹ fún wa ní pápákọ̀ òfurufú, ìpara ààbò oòrùn ìgò ńlá wà níbẹ̀. Àwa kan nínú ọkọ̀ tí a kò fi nǹkan kan pa ara lòdì sí oòrùn rí láyé wa, ọjọ́ yẹn la fi í kun ara títí a fi ń dán yinrin, ọ̀rá rẹ̀ sì ń léfòó lójú omi nígbà tí a bẹ́ sínú rẹ̀. Kẹ́míkà oxybenzone, tí wọ́n ní ó lè pa iyùn lára, wà nínú rẹ̀, mo kà á lára ìgò. Palau, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, ti fòfin de irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Hawaii ṣòfin tirẹ̀ ní 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní 2021. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ alápá gígùn á dáàbò bo ara ju ìpara lọ, a ó sì rí i wọ̀ lọ́jọ́ míì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tẹ orúkọ iléeṣẹ́ yín sí i lẹ́yìn.

4. Ìjàpá òkun

Ẹ kó wa lọ sí adágún kan tí wọ́n ti kó ìjàpá òkun sí. Wọ́n fún wa ní ewé òkun, àwọn ìjàpá wá jẹ ẹ́ lọ́wọ́ wa, a sì wọ inú omi tọ̀ wọ́n. Ó dùn mọ́ni, kí n má tàn yín. Awọ ọrùn rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ tutù, ó sì lágbára ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan di ìgbá ẹ̀yìn ọ̀kan mú kó lè fà á kiri fún fídíò, òmíràn gun ún. Afẹ́fẹ́ òkè ni ìjàpá òkun ń mí, bíi tèmi tìrẹ. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yọ orí, ìbàdí èèyàn ló ń bá pàdé.

Mi ò sọ pé gbogbo irú ibẹ̀ ló burú. Láti àwọn ọdún 1990 ni irú àwọn adágún bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nungwi fún ìjàpá tí àwọ̀n apẹja mú, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sókun. Iṣẹ́ tó yẹ kéèyàn sanwó fún nìyẹn. Ìbéèrè tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ bi onílé kí ẹ tó kó èrò lọ kò le: mélòó lẹ dá padà lọ́dún tó kọjá, ta ló rí i, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọ omi? Ibi tí ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà kúrò lọ́nà díẹ̀. Ìjàpá òkun ń yé ẹyin sí etíkun Èkó níbí. Àwọn kan ń mú wọn, wọ́n ń pa wọ́n tà, àwa tí a wọ bàálù lọ gbá wọn mọ́ra ní Zanzibar sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní Lẹ́kí lọ́jọ́ Àìkú.

5. Ẹ̀mí wa

Mo fi èyí sẹ́yìn torí pé ó lè jẹ́ òun nìkan lẹ máa kà tí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ omi wẹ̀. Ẹ mọ̀. Ẹ kò bi wá. Ọ̀sẹ̀ lóríṣiríṣi la fi wà nínú gúrúùpù yẹn kí a tó gbéra. Ẹ fi àwọ̀ aṣọ ránṣẹ́: funfun fún ọjọ́ ìyanrìn, ọsàn fún ọjọ́ ọkọ̀, àwọ̀ ewé fún alẹ́ ijó. Ẹ fi nọ́ḿbà ẹni tó ń ran aṣọ ránṣẹ́. Kò sí ìlà kan ṣoṣo lórí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá snorkel mí, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ omi jáde nínú rẹ̀, ohun tí èèyàn máa ṣe tí awò bá kún. Ojú ọkọ̀ ni wọ́n ti fi awò bò wá lójú, wọ́n ki ọ̀pá sí wa lẹ́nu, ó di omi. Life jacket kò kárí. Èyí tí wọ́n fún mi, ìdè rẹ̀ ti já, wọ́n fi okùn sán an.

Ìyá kan wà láàárín wa, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta, tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló sanwó fún un láti fi ṣọjọ́ ìbí. Ó dojú bolẹ̀ lórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, gbogbo wa rò pé ẹja ló ń wò. Omi ló ń mu. Ọmọ ọkọ̀ kan tí kò tíì hù irùngbọ̀n ló kíyè sí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò mì, ló bá bẹ́ lọ fà á. Ara rẹ̀ ti yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí ó sọ ọ́ nínú gúrúùpù, emoji ọwọ́ àdúrà ni admin fi dá a lóhùn.

Ewu snorkel gan-an nìyẹn: ẹni tó ń rì kì í pariwo, kì í ju apá, bí ẹni tó ń gbádùn ló máa ń rí lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ní Hawaii, níbi tí wọ́n ti ń ka irú ikú yìí dáadáa, snorkel ló wà lókè nínú ohun tí àwọn àlejò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí omi gbé wọn lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó wọ omi. Ní etíkun Hanauma Bay ní erékùṣù Oʻahu, ní Hawaii yẹn kan náà, èèyàn kò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun láìkọ́kọ́ wo fídíò lórí ewu omi àti lórí iyùn tí kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n máa ń ti ibẹ̀ pa kí ẹja rí ara gbà. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Fídíò ijó tí ẹ fi polówó wa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni Zanzibar ti sọ ọ́ di dandan kí àlejò san dọ́là mẹ́rìnlélógójì fún ìbánigbófò kó tó wọlé. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wa mọ́ owó yòókù. Títí tí a fi dé ilé, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tí ó bò, nọ́ḿbà tí a máa pè, tàbí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ Matemwe jù lọ. Ọmọ ìyá tó mu omi yẹn ló bi yín. Ẹ kò tíì dáhùn.

6. Ẹ máa ní ọjà kò ní tà

Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu yín: ọmọ Nàìjíríà fẹ́ ohun tó máa gbé sórí Instagram, bí a kò bá ṣe é ẹlòmíì á ṣe é. Ní Zanzibar yẹn kan náà, erékùṣù Chumbe wà. Láti 1994 ni wọ́n ti ya òkìtì iyùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ, apẹja ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń bá àlejò wọ omi láti tọ́ wọn sọ́nà. Ilé ìgbàlejò méje péré ló wà níbẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, síbẹ̀ èèyàn ń lọ. Ní Thailand, ìjọba ti etíkun Maya Bay pa ní 2018 nígbà tí ìdákọ̀ró àti ẹsẹ̀ àlejò ti ba iyùn ibẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní 2022, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn erékùṣù ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí. Ẹja ekurá ti padà síbẹ̀. Àlejò náà ti padà.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí, kò sì sí èyí tó kọjá agbára yín.

Ẹ yọ ìdánilójú àti àpadàgbowó kúrò nínú gbogbo ìpolówó tó kan ẹranko, pẹ̀lú fọ́tò ẹja ìràwọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú àwọn ọlọ́kọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dábùú ọ̀nà dọ́fíìnì, wọn kò gbọdọ̀ ju èèyàn lé e lórí, wọ́n á dẹ ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á sì kúrò níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti pọ̀ jù. Kí ẹ san owó atukọ̀ pé pérépéré, ì báà rí dọ́fíìnì, ì báà má rí i. Lójú tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ kàn ń tẹ ìwé lásán ni.

Kí ẹ tó kó ẹnikẹ́ni lọ, ẹ kó wọn jọ sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn fún wákàtí díẹ̀, kí olùkọ́ fi snorkel hàn wọ́n, kí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà mọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì lè dúró sínú ọkọ̀ láìsí ìtìjú. Ẹ rí i pé life jacket kárí, ó sì bá olúkúlùkù mu. Kí ẹnì kan wà lójú omi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka orí wa lọ. Ẹ fi ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà ṣe ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá máa fi owó kún un, ẹ sọ iye rẹ̀ fún wa. A ti san owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí aṣọ ọjọ́ ìyanrìn.

Ẹ sì ṣí gúrúùpù yẹn.

Ẹ ti kéde pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba àsansílẹ̀ fún oṣù Kejìlá. Ẹ jẹ́ kí ìpolówó tí ẹ ti tún ṣe jáde kí ọjọ́ náà tó pé. Èmi àti àwọn tí a jọ lọ kò ní san kọ́bọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Lẹ́tà yìí la ó sì máa fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá bi wá léèrè pé ta ni kí òun bá lọ sí Zanzibar.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín kan láti Bódìjà, Ìbàdàn.